Yíyan Ìwọ̀n Ìdára fún Dídi Fídíò Onígbà-Méjì: Èrò Onílítíréṣọ̀ Kan

Mo mọ̀ pé àkọlé tí ẹ rí lára pátákó ìkéde yóò ti ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu. Kí ni ó kan ẹni tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn nínú bí a ṣe ń di fídíò? Ṣé iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ kọ́ ni?

Ìdáhùn mi kò gùn. Láti ìgbà tí a ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti ẹ̀rọ ayàwòrán lọ sí ojú agbo, ohun tí à ń ṣe ìwádìí lé lórí kì í ṣe èyí tí a kọ sínú ìwé nìkan mọ́. Téèpù ni. Téèpù sì ń kú lọ. Bí a bá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó kú tán, ẹni tí ó bá yan nọ́ḿbà tí ẹ̀rọ yóò fi ṣe ẹ̀dà náà ni ó ń pinnu ohun tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí àti ohun tí wọn kò ní í rí. Nínú iṣẹ́ tiwa, olóòtú ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kì í sì í gbé iṣẹ́ olóòtú lé ẹni tí kò gbọ́ èdè ìwé náà lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa lónìí ni pé dídì onígbà-méjì, èyí tí àwọn ẹlẹ́rọ ń pè ní two-pass, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bí ẹ̀dà ṣe gbọ́dọ̀ dára tó. Bí a ṣe ń pín ohun tí a bá fún un ni ó mọ̀. Iye tí ó tó láti fún un kù sí ọwọ́ ẹni tí ó mọ ibi tí ìtumọ̀ wà nínú àwòrán.

Ohun tí à ń dì

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò díẹ̀ ṣáájú. Fídíò ìlànà PAL, èyí tí a lò fún tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, ní àwòrán 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá gbé e sínú kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ àwọ̀ 720 ní ìbú àti 576 ní òró. Bí a bá fi báìtì méjì pa ẹyọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́, wákàtí kan ṣoṣo yóò gba nǹkan bí gígábáìtì 75. Eré alárìnjò kan tí ó gba wákàtí méjì yóò gbà tó gígábáìtì 150. Kò sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ kan tí mo mọ̀ tí agbára rẹ̀ ká a láti kó àpótí téèpù kan pamọ́ báyìí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí ó fi í ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ìlú mìíràn. Dandan ni kí á dì í, bí a ti ń di ẹrù kí ó lè wọ ọkọ̀.

Oríṣi ìdì méjì ni ó wà, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. Gbogbo wa tí a ti da orin agbo kọ rí ni a mọ ìkínní. Bí ègbè bá jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé ìparí, a ó kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà a ó máa kọ "Ègbè" lásán sí ibi tí ó ti jẹyọ. Ẹni tí ó bá ka ìwé wa lè dá gbogbo orin náà padà láìdín ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Irú ìdì tí kò sọ nǹkan nù nìyí. Nínú ti fídíò, ìlànà FFV1, tí àjọ IETF tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 2021, ń ṣe irú rẹ̀. Ó sábà máa ń dín ẹrù náà kù sí nǹkan bí ìdajì tàbí ó dín díẹ̀. Tútù rẹ̀ kò mú àbùkù kankan wá.

Ìdì kejì ni èyí tí ń sọ nǹkan nù. Ó dà bí olóòtú tí ó rí àwítúnwí nínú ìjálá, tí ó wò ó pé òǹkàwé kò ní í mọ̀ bí òun bá yọ ìlà méjì kúrò. Ìlànà H.264, tí a fi ọwọ́ sí ní ọdún 2003, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fídíò ayé ṣì ń gùn títí di òní, irú èyí ni. Ó ń mú àwòrán kan gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, ó sì ń kọ ìyàtọ̀ nìkan fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e: ògiri kò yí padà, igi kò yí padà, ọwọ́ onílù nìkan ni ó gbéra. Títí dé ibẹ̀, ọgbọ́n "Ègbè" náà ni. Ṣùgbọ́n bí ààyè bá fún un mọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kéré wo àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké, yóò ka èyí tí ó sún mọ́ òdo sí òdo, yóò sì gbàgbé rẹ̀. Ohun tí ó bá gbàgbé báyìí kò ní í padà wá láéláé.

Ohun kan wà nínú ìlànà yìí tí ó máa ń dùn mọ́ mi nínú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ni ní ìtúpalẹ̀ àyọkà. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò sọ bí a ó ṣe di fídíò. Bí a ó ṣe tú u ni wọ́n sọ. Ẹni tí ń dì í ní òmìnira láti yan ohun tí yóò fi sílẹ̀, bí ó bá ṣáà ti lè tú. Nítorí náà fáìlì méjì lè jọ pé ìlànà kan náà ni wọ́n tẹ̀ lé, kí wọ́n gùn dọ́gba, kí wọ́n sì wúwo dọ́gba, síbẹ̀ kí ọ̀kan fi ojú òṣèré hàn kí èkejì sì fi àbàtà hàn níbi tí ojú wà.

Ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì

Ẹ fojú inú wo ẹni tí a fún ní ìwé ojú-ewé 50 péré, tí a ní kí ó da orin odindi òru kan kọ sínú rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí ó ti ń gbọ́, yóò lo ojú-ewé 30 sórí ìkíni àti ìjúbà, nígbà tí orin bá sì wọra tán, ìwé kò ní í tó. Ọlọgbọ́n adàwékọ yóò kọ́kọ́ fetí sí téèpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Kò ní í kọ orin kankan. Yóò kàn máa sàmì sí i pé ibi báyìí rọrùn, ibi báyìí ṣòro, ibi báyìí àwítúnwí ni. Lẹ́yìn náà ni yóò dá téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò wá pín ojú-ewé 50 rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì tí ó ti ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dídì onígbà-méjì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ la gbogbo fídíò kọjá, ó wo ìṣòro àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ìṣirò rẹ̀ sínú fáìlì kékeré kan. Kò sí fídíò tí a ó wò nínú iṣẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì ni ó ka ìṣirò náà, tí ó sì pín bíìtì tí a yọ̀ǹda fún un láàárín àwọn ìran, kí àpapọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ iye tí a sọ, kò ní í jìnnà sí i.

Iye tí a ó sọ fún un kò ṣòroó ṣírò. A ó mú ìwọ̀n àwo tàbí fáìlì tí a fẹ́, a ó sọ ọ́ di bíìtì nípa fífi 8 ìlọ́po báìtì rẹ̀, a ó fi iye ìṣẹ́jú àáyá tí fídíò náà gùn pín in, a ó sì yọ ti ohùn kúrò. Àwo DVD kan gba gígábáìtì 4.7. Fún eré wákàtí méjì, èyí já sí mẹ́gábíìtì 5.2 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá yọ kílóbíìtì 224 fún ohùn, nǹkan bí 5.0 ni ó kù fún àwòrán. Fún àwo CD lásán tí ó gba mẹ́gábáìtì 700, eré ìṣẹ́jú 90 yóò rí nǹkan bí kílóbíìtì 1,087. Bí ohùn bá gba 128, kò ju 960 lọ tí ó kù. Ìṣirò ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí a ti béèrè ohun tí ó wà nínú eré náà.

Ibẹ̀ ni ìjà mi wà. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹ̀dà onígbà-méjì "dára jù." Ó dára ju kí ni? Ìgbà kejì kò lè bí bíìtì kan sí i. Bí a bá fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́wàá ní kóńgò ìrẹsì kan, ìyá tí ó mọ ẹni tí ebi ń pa jù yóò pín in dáradára ju ẹni tí kò mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kóńgò kan náà ṣì ni.

Ẹ̀kọ́ tí VCD kọ́ wa

Àwọn tí ó ra fíìmù Yorùbá ní ọjà ní nǹkan bí ọdún 2000 sí 2010 yóò rántí àwo VCD. Ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1993. Àwòrán rẹ̀ kò ju 352 ní ìbú àti 288 ní òró lọ, àwo kan sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 74; ìdí nìyí tí odindi fíìmù fi máa ń wà nínú àwo méjì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kàn wá jù ni bí ó ṣe ń pín bíìtì. Kílóbíìtì 1,150 ni fún àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ baálé ilé ni ó jókòó tí ń ronú, ì báà jẹ́ eégún ni ó ń jó. Kò sí pé à ń gba lọ́wọ́ ìran jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìran líle.

Àbájáde rẹ̀ kò fara sin. Níbi tí ènìyàn méjì bá ti ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, àwòrán á ṣeé wò. Ìgbà tí agbo bá gbóná, tí aṣọ bá ń fẹ́, tí eruku bá ń sọ, ojú àwòrán á fọ́ sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin bí ilẹ̀ tí a fi táìlì tẹ́. Àwọn òǹwòran gbà pé bí fíìmù Yorùbá ti máa ń rí nìyẹn, àwọn kan tilẹ̀ fi kẹ́gàn ẹni tí ó ya àwòrán. Kì í ṣe ayàwòrán ni ó jẹ̀bi. Ìlànà tí ó pín ohun gbogbo dọ́gba ni ó fi ebi pa ibi tí eré ti jẹ́ eré jù. Àwo DVD yàtọ̀: àwòrán inú rẹ̀ lè gòkè títí dé mẹ́gábíìtì 9.8 nígbà tí ìran bá le, kí ó sì rọlẹ̀ nígbà tí ó bá rọrùn, nítorí náà dídì onígbà-méjì wúlò níbẹ̀ gan-an.

Mo ní láti mẹ́nu ba ohun kan níhìn-ín, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ni. Àwọn kan wà, n kò ní í dárúkọ wọn, tí wọ́n gba téèpù eré lọ́wọ́ ìdílé òṣèré kan tí ó ti di olóògbé, tí wọ́n dì í sí VCD, tí wọ́n sì da téèpù nù nítorí pé ó gba ààyè nínú ilé. Ohun tí ó kù fún wa láti fi ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ bàbá náà nísinsìnyí ni àwo méjì tí a kò lè rí ẹsẹ̀ oníjó nínú rẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti fi í kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé ṣé aṣọ eégún náà ní ọ̀já kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àbí odindi aṣọ kan ni. Ìdáhùn wà lórí téèpù tí a dà nù.

Nọ́ḿbà ìdára

Bí a kò bá ní àwo kan pàtó tí fídíò gbọ́dọ̀ wọ̀, kí ni a ṣe ń sọ ìwọ̀n fún ẹ̀rọ? Ọ̀nà kejì wà. Nínú ẹ̀rọ adifídíò x264, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún H.264 lọ́fẹ̀ẹ́, a lè fi nọ́ḿbà kan tọ́ka sí ìwọ̀n ìdára, kí á sì jẹ́ kí fáìlì wúwo bí ó bá ti fẹ́. CRF ni orúkọ rẹ̀. Fún fídíò tí ó wọ́pọ̀, láti òdo dé 51 ni: bí nọ́ḿbà ti ń kéré ni àwòrán ń dára, tí fáìlì sì ń wúwo. 23 ni àwọn tí ó ṣe é fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá yan tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lò ó a máa rìn láàárín 18 àti 28, wọ́n sì ka 18 sí ibi tí ojú kò fi ní í sábà rí ìyàtọ̀. Bí a bá dín in ní 6, fáìlì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì; bí a bá fi 6 kún un, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì. Ẹ má ṣe gbé nọ́ḿbà yìí láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan lọ sí òmíràn o: nínú x265, tí í ṣe ti ìlànà tí ó tẹ̀ lé H.264, 28 ni wọ́n fi sílẹ̀ ní ipò 23.

Ohun tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé bí a bá fi CRF di eré kan, tí a wo bí ó ti wúwo tó, tí a wá fi onígbà-méjì dì í sí ìwúwo kan náà, ẹ̀dà méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú. Kò sí àṣírí kankan nínú ìgbà kejì àyàfi pé ó mọ̀ bí yóò ṣe dé orí ìwúwo tí a dá fún un. Ìyẹn ni pé ìbéèrè tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè ni pé: ṣé àpótí ni ó ń pàṣẹ fún mi, àbí ohun tí ó wà nínú àpótí? Bí ó bá jẹ́ àpótí, bí àwo tàbí iye tí ilé tẹlifíṣọ̀n là kalẹ̀, onígbà-méjì ni ó tọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ḿbà ìdára ni.

Fún àkójọ tí ó ní téèpù púpọ̀, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ó bá fún gbogbo téèpù ní mẹ́gábíìtì 2 kan náà yóò fi bíìtì ṣòfò lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí bàbá arúgbó kan jókòó lójú kan, yóò sì fi ebi pa ọdún Egúngún. VCD ni ó tún padà dá sílẹ̀, láàárín téèpù àti téèpù dípò ìṣẹ́jú àáyá àti ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbà kejì kò lè gbà á là, nítorí pé inú téèpù kan ṣoṣo ni ó ti lè pín nǹkan.

Òru, ojú àti aṣọ

Mo wá dé ibi tí mo gbà pé onílítíréṣọ̀ ní ohun kan láti sọ fún ẹlẹ́rọ.

Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí gbé e ka orí ohun tí ojú ènìyàn sábà máa ń rí. Wọ́n mọ̀ pé ojú kì í rí kúlẹ̀kúlẹ̀ ohun tí ó ń sáré, nítorí náà ẹ̀rọ kì í fún ìran eré sísá ní gbogbo ohun tí ó béèrè. Nínú x264, nọ́ḿbà tí ń ṣàkóso èyí ni qcomp, ó sì wà láàárín òdo àti 1. Bí a bá sọ ọ́ di òdo, ìpín gbogbo ìran yóò sún mọ́ dọ́gba. Bí a bá sọ ọ́ di 1, ìran líle yóò gba ohun gbogbo tí ó bá fẹ́. 0.6 ni wọ́n fi sílẹ̀. Fún fíìmù tí ọkọ̀ ń lé ọkọ̀, èyí bọ́gbọ́n mu: kò sí ẹni tí ó fẹ́ ka nọ́ḿbà ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ijó bàtá, ohun tí ó ń sáré gan-an ni ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń dá ìlù lóhùn ní láti rí ẹsẹ̀. Fún irú téèpù bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbé qcomp sókè díẹ̀, sí 0.7 tàbí 0.8, kí ìran jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sì san gbèsè rẹ̀.

Òru tún nìyẹn. Ọ̀pọ̀ eré wa, orò, ìrèmọ̀jé, àti ìran àwọn àjẹ́ nínú fíìmù àtijọ́, òkùnkùn ni wọ́n wà, pẹ̀lú iná díẹ̀. Nínú òkùnkùn, ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ kan àti èyí tí ó sún mọ́ ọn kéré púpọ̀, irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ kà sí òdo. Ẹ wá ro ojú àgbà kan tí ó dúdú, tí ó kọ ilà, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àtùpà. Ilà náà kò ju òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ lórí awọ dúdú lọ. Ní CRF 18 ẹ ó rí i pé àbàjà ni. Bí ẹ ti ń gòkè lọ sí 23 àti 26, ó lè di pélé, ó lè di wípé ẹ kò mọ̀ bóyá ó kọ ilà rárá. Àwọn Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà; nínú ọ̀ràn yìí, ìran àti ìlú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ó wà lójú náà, ẹ̀rọ sì ti nù ún bí ẹni nu eruku. x264 ní ọ̀nà kan láti gbèjà òkùnkùn: bí a bá sọ aq-mode di 3, yóò fi bíìtì púpọ̀ sí i sí ibi tí ó ṣókùnkùn. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń lò ó, nítorí pé kì í ṣe òun ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ.

Ìṣòro kan tún wà tí ó jẹ́ ti téèpù àtijọ́. Àwòrán VHS a máa hó, ẹyọ funfun àti dúdú á máa jó lójú rẹ̀ bí òjò wẹliwẹli. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ìdọ̀tí ni. Ní ìgbà àkọ́kọ́, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìran yìí le púpọ̀. Ní ìgbà kejì, yóò fi oúnjẹ ọmọ bọ́ òjò. Téèpù tí ó ti gbó a máa béèrè bíìtì ju fídíò tuntun tí ó mọ́ lọ, èyí tí àwọn ènìyàn kì í retí, wọ́n a ní "téèpù àtijọ́ ni, ẹ fi díẹ̀ dì í." Àwọn mìíràn a sì fi ẹ̀rọ fọ àwòrán kí wọ́n tó dì í. Mo gbà kí á fọ̀ ọ́ díẹ̀ fún ẹ̀dà tí a ó máa wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń fọ òjò kúrò lójú àwòrán a máa fọ ilà kúrò lójú ènìyàn pẹ̀lú. N kò gbà kí á fọ èyí tí a fẹ́ fi pamọ́ rárá.

Bí mo ṣe ń yàn án

Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé kò ní ọgbọ́n àrà nínú. Ohun àkọ́kọ́ ni pé a gbé téèpù sínú kọ̀ǹpútà, a sì dì í ní ìdì tí kò sọ nǹkan nù. Èyí ni ìwé àkọ́kọ́, a kò ní í fọwọ́ kàn án mọ́. Inú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀dà mìíràn ti gbọ́dọ̀ jáde, nítorí pé ẹ̀dà tí a ṣe láti ara ẹ̀dà tí ó ti sọ nǹkan nù yóò tún sọ tirẹ̀ nù lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí àwọn adàwékọ ayé àtijọ́ ti máa ń fi àṣìṣe kún àṣìṣe. Ọ̀bẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á: ààyè tí èyí gbà kò kéré, ibẹ̀ sì ni mo rọ àwọn aláṣẹ láti náwó sí.

Lẹ́yìn èyí, a gé ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó le jù nínú téèpù náà, ìṣẹ́jú kan kọ̀ọ̀kan: ojú kan ní òru, ijó kan, aṣọ kan tí ń fẹ́, ọwọ́ onílù kan. Àwọn kan a máa fi onígbà-méjì dán irú ègé bẹ́ẹ̀ wò, ìyẹn kò sì tọ̀nà. Bí a bá fún ìṣẹ́jú kan tí ó le ní kílóbíìtì 1,000, 1,000 náà ni yóò rí lò. Bẹ́ẹ̀ bí ó bá wà nínú odindi eré, ìgbà kejì lè gba 2,500 fún un lọ́wọ́ àwọn ìran jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ègé náà yóò burú lójú ju bí yóò ti rí lọ, a ó sì ṣe ìpinnu lórí ẹ̀rí èké. Nọ́ḿbà ìdára ni kí á fi dán an wò: 16, 18, 20, 22, 24.

Kí á tó wò ó, mo máa ń kọ ìbéèrè sílẹ̀. N kì í béèrè pé "ṣé ó dára?" nítorí pé gbogbo ènìyàn ni yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń béèrè pé ilà wo ni ó wà lójú bàbá yìí. Ìgbà wo ni onílù dùndún yìí fún ọ̀sán mọ́ra tí ohùn ìlù fi lọ sókè. Ọ̀já mélòó ni ó wà lára aṣọ eégún yìí ní apá ọ̀tún. A ó fi ẹ̀dà han àwọn tí kò tíì rí téèpù, láti orí èyí tí ó burú jù lọ sí èyí tí ó dára jù. Ibi tí ìdáhùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ti téèpù mu ni nọ́ḿbà wa. Ó dára bí onílù gidi bá wà nínú àwọn òǹwòran náà. Àwọn ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, bí SSIM tí ó jáde ní 2004 tàbí VMAF tí ilé-iṣẹ́ Netflix gbé jáde ní 2016, wúlò fún ẹni tí fídíò rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ojú lè wò lọ. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ni àwọn ènìyàn sábà máa ń kà nínú wọn, ìpíndọ́gba 95 nínú 100 sì lè bo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mọ́lẹ̀ tí ojú ẹni tí a ń wá ti pòórá.

Nígbà tí nọ́ḿbà bá ti hàn, a ó fi í di odindi eré, a ó sì wo ìwúwo rẹ̀. Bí ó bá wọ àpótí, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Bí ó bá fi díẹ̀ ju àpótí lọ, a ó ṣe onígbà-méjì sí ìwọ̀n àpótí gan-an, a ó sì tún béèrè àwọn ìbéèrè wa. Ní ìgbà méjèèjì yìí, ìlànà tí a tò sí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bára mu, kí fídíò sì jẹ́ ọ̀kan náà, láìgé, láìfọ̀. Ìṣirò tí a ṣe lórí fídíò kan kò wúlò fún òmíràn. A sì lè ní kí ẹ̀rọ fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ó fi wákàtí púpọ̀ wá ọ̀nà àtidì dáradára. Àkókò kò wọ́n wa ní òru tí kọ̀ǹpútà ń ṣòfò. Bí ó bá wá ju àpótí lọ ní ìlọ́po méjì ńkọ́? Kí á má ṣe fún un wọlé tipátipá. Àwọn oníṣòwò VCD tí mo bá wí lẹ́ẹ̀kan mọ ohun kan tí ó tọ́: kí á pín in sí àwo méjì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dín ohùn kù láti fi pọ́n àwòrán. Ohùn ni èdè wa fi ń ya ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, òun náà sì ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Kílóbíìtì 224 lára 5,200 kò tó ìdá kan nínú ogún. Kò sí èrè tí a fẹ́ jẹ níbẹ̀.

Ìbéèrè tí mo ń retí láti ẹnu olùṣirò-owó wa ni pé àwọn wo ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ ṣe, nígbà tí owó kò lè tó gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé kí á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn téèpù tí a yà lóru, àwọn tí ojú wọn ń hó jù, tí olóhùn inú wọn kò sì sí láyé mọ́. A ti kọ orúkọ wọn sí ìwé kan tí ó wà ní ọ́fíìsì Ẹ̀ka. Mo rọ àwọn onílù àti ọdẹ tí ó wà níbí lónìí, bí ẹ bá ń lọ, kí ẹ yà síbẹ̀, kí ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹwòran. Ojú yín ni a nílò kí á tó tẹ nọ́ḿbà kankan.